Bí mo ṣe dá omi tó ń jò wọ ọkọ̀ onípákó wa dúró

Ọkọ̀ ojú omi tóóró tí wọ́n fi ń kó èédú gba inú kánààlì (ipa omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́) ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ ni: pákó igi oak lẹ́gbẹ̀ẹ́, pákó igi elm nísàlẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Ó ti pẹ́ lórí ilẹ̀, ó ti gbẹ. Bí a ṣe tì í padà sómi ni omi ń wọlé níbi tí pákó ẹ̀gbẹ́ ti pàdé tìsàlẹ̀.

Sílíkónì ni mo kọ́kọ́ fi dí i. Kò lẹ̀ mọ́ igi tútù, ṣe ló ń bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Pọ́ǹpù ńkọ́? Ìnáwó lásán.

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé. A gbé e sókè padà, mo ha ìdọ̀tí ojú-ìsopọ̀ náà títí igi tó mọ́ fi yọ. Mo lọ́ oakum, ìyẹn fọ́nrán okùn tí wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú (tar) pa, mo fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù onígi gbá a wọlé. Ẹ má gbá a le jù o! Pákó á wú tó bá mu omi, á sì máa ti ara wọn kúrò lójú ìṣó. Mo da ọ̀dà dúdú gbígbóná lé e, mo wá fi àpò tútù bo pákó kí ó lè wú díẹ̀ kó tó dómi.

Ibi tí omi ṣì ń sun wọlé lẹ́yìn tó dómi, ọgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ló parí ẹ̀. Mo ki èérún pákó kíkúnná sínú agolo tí mo kàn mọ́ igi gígùn, mo dojú ẹ̀ dé wọ omi, mo yí i lábẹ́ ibi tó ń jò. Omi tó ń wọlé fúnra rẹ̀ ló fà á sínú ihò.

Tí pákó tiyín bá ti jẹrà, èyí ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀.