Bí Ara Ṣe Lè Tu Ọmọ Nínú Ìrìn Àjò Gígùn

Bí ọmọ bá ń ké nínú ọkọ̀, ẹ má tíì wá ohun ìṣeré. Ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ebi, òùngbẹ, ìtọ̀, ooru, oorun, àbí èébì ló ń gbé e? Ẹni tó bá bójú tó ìwọ̀nyí, eré nìkan ló kù fún un.

Kí ẹ tó gbéra

Ẹ fún ọmọ ní oúnjẹ díẹ̀ tí kò lọ́ràá. Kó má yó bámúbámú, kó má sì fi ebi rìn. Kí gbogbo wọn tọ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀, pàápàá ẹni tó ní òun ò fẹ́ tọ̀. Òun gan-an ló máa kọ́kọ́ pariwo lọ́nà.

Ọ̀rá èébì, aṣọ ìnura, omi, ìlédìí àti aṣọ ìpààrọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú búùtù. Ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà ti lè tó wọn ni kí ẹ kó wọn sí. Ẹ mú ẹ̀wù kan dání fún ẹni tó máa jókòó ti ọmọ náà, torí òun ni wọ́n sábà máa ń bì lé.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ọmọdé jókòó sí, nínú àga tó bá ọjọ́ orí àti ìwọ̀n rẹ̀ mu. Bó ti wù kó ké tó, ẹ má tú bẹ́líìtì rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Ẹ wá ibi tó dáa, kí ẹ dúró.

Èébì

Inú etí lọ́hùn-ún ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń lọ, ojú tó tẹ̀ mọ́ ìwé tàbí fóònù sì ń sọ pé ojú kan la wà. Àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí ló ń fa èébì. Àwọn ọmọ ọdún 2 sí 12 ló sábà máa ń yọ lẹ́nu jù.

Kì í dédé bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń rojọ́ á ṣàdédé dákẹ́. Á máa yán, itọ́ á kún ẹnu rẹ̀, òógùn tútù á yọ níwájú orí rẹ̀. Ẹ gba ìwé àti fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, kó fẹ̀yìn ti àga, kó máa wo ọ̀nà jíjìn níwájú. Tó bá ti bì, omi díẹ̀díẹ̀ ni kó máa mu.

Ẹ bi apòògùn kí ẹ tó fún ọmọ ní oògùn èébì. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń lò kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ló lè lò ó.

Eré

Eré ẹnu àti etí ló dáa jù: orin, àlọ́, ìtàn tí ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ tí èkejì á gbà. "Ajá kan wọ bàtà, ó wọ ọkọ̀." Ọmọ á ní, "Ó wá gbàgbé bàtà kan sílé!" Ẹ lè ní kí kálukú mú àwọ̀ ọkọ̀ kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ ka 10 ló borí. Ẹ̀yọ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa yọ ohun ìṣeré jáde, torí èyí tí wọn ò tíì rí ló ń dùn mọ́ wọn. Ní tèmi, fóònù ló yẹ kó kẹ́yìn, fún ọmọ tí kì í bì nìkan.

Tí wọ́n bá ń bi yín pé "Ṣé a ti dé?", ẹ má dárúkọ wákàtí fún ọmọ kékeré. Ẹ ní, "A máa dúró lẹ́ẹ̀mejì sí i."

Ìsinmi

Ẹ dúró ní wákàtí méjìméjì, ó pẹ́ tán. Ti ìkókó gbọ́dọ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí àwọn ọmọ sáré díẹ̀ níbi tó jìnnà sí títì. Ẹ gbé ìkókó kúrò nínú àga rẹ̀, torí bí àgbọ̀n rẹ̀ bá tẹ̀ mọ́ àyà, mímí lè ṣòro fún un.

Ẹ má fi ọmọ kankan sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú oòrùn, ooru inú ọkọ̀ lè fi nǹkan bí 11°C lékún láàárín ìṣẹ́jú 10, fèrèsé tí ẹ ṣí díẹ̀ kò sì lè dá a dúró. Ara ọmọdé sì máa ń gbóná yára ju ti àgbàlagbà lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá dé, ẹ wo ìjókòó ẹ̀yìn kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, pàápàá bí ọmọ kan bá ti sùn lọ.