Bí A Ṣe Ń Fún Màlúù Tó Ń Dàgbà Ní Èròjà Mínírà

Kí ẹ tó ra èròjà mínírà kankan fún màlúù tí ẹ ń sìn fún ẹran, ẹ kọ́kọ́ yẹ ohun tí ó ń jẹ lójoojúmọ́ wò, nítorí inú oúnjẹ yẹn ni àìtó tàbí àpọ̀jù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kálísíọ̀mù àti fọsifọ́rọ́ọ̀sì, tí egungun fi ń le, ni mo kà sí pàtàkì jù. Fọsifọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ọkà bí àgbàdo, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kéré gan-an. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fi ọkà bọ́ màlúù gbọ́dọ̀ po òkúta ẹfun lílọ̀ mọ́ ọn, kí kálísíọ̀mù má baà kéré sí ìlọ́po 1.5 fọsifọ́rọ́ọ̀sì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òkúta tí ó ń dì nínú ìtọ̀ lè dí ọ̀nà ìtọ̀ akọ tí a ti tẹ̀ lọ́dàá, èyí tí ó ń dunni púpọ̀ láti rí, tí ó sì lè pa á. Ti màlúù tí ó ń jẹ koríko gbígbó yàtọ̀: fọsifọ́rọ́ọ̀sì ni kì í sábà tó o.

Ẹ jẹ́ kí iyọ̀ àti omi mímọ́ wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ nígbà gbogbo. Nítorí pé màlúù fẹ́ràn iyọ̀, ẹ lè po àwọn mínírà yòókù mọ́ ọn.

Mínírà bàbà (copper) tó nǹkan bíi mílígíráàmù 10 nínú kílógíráàmù oúnjẹ gbígbẹ kọ̀ọ̀kan ni ó nílò, ṣùgbọ́n àpọ̀jù imí-ọjọ́ nínú omi tàbí oúnjẹ kì í jẹ́ kí ara rí i lò, àwọ̀ irun a sì máa ṣá. Ní ti selenium, tí òun náà jẹ́ mínírà, mílígíráàmù 0.1 péré nínú kílógíráàmù oúnjẹ gbígbẹ kọ̀ọ̀kan ti tó, àpọ̀jù rẹ̀ sì jẹ́ májèlé. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀.