Ẹ má tíì kun pátákó: àṣìṣe àwọn tó fẹ́ forúkọ ilé ìpamọ adìyẹ sílẹ̀

Nígbà tí mo fẹ́ dá ilé ìpamọ sílẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti ń sọ ẹyin di òròmọ adìyẹ, pátákó ni èmi kọ́kọ́ kùn. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé, àkùkọ ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, mo rì í mọ́lẹ̀ lójú títì tó ti Kàbà lọ sí Ìyàrà. Ìgbà tí mo dé orí íntánẹ́ẹ̀tì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, ni mo rí i pé ẹlòmíì ti ń jẹ́ orúkọ ọ̀hún. Owó ọ̀dà wọlẹ̀ nìyẹn. Ẹ yẹ orúkọ wò ná. Tí wọ́n bá gbà á, ọjọ́ 60 péré ni wọ́n máa fi bá yín pa á mọ́. Ẹ parí ìwé yòókù kó tó pé.

Owó ọ̀dà ṣì kéré. Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ láàárín àwa ará Ọ̀kun ní ìpínlẹ̀ Kogí ni pé tí ìwé CAC bá ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, a ó fi férémù sí i, a ó gbé e kọ́ ògiri, ó bùṣe. Kò tíì bùṣe o. Orúkọ ni CAC mọ̀, kò mọ ẹyin. Òfin àìsàn ẹran ní kí ilé ìpamọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹran ìjọba. Àwọn yẹn ò ní wo férémù yín. Ibi tí ẹyin ti wá ni wọ́n máa bèèrè.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Lọ́jọ́ ọjà, ẹnì kan á ra ẹyin lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà mẹ́rin, márùn-ún, á da gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ àìsàn pullorum máa ń ti ara ìyá adìyẹ wọnú ẹyin. Tó bá di ọjọ́ 21, òròmọ á jáde, ìgbẹ́ funfun á lẹ̀ mọ́ ìdí wọn bí ẹfun, wọn á máa kú níkọ̀ọ̀kan. Oníbàárà ò mọ àwọn ìyá ọlọ́jà yẹn, ẹ̀yin ló mọ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá adìyẹ wò, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí ẹyin wọlé, agbo tó ti wá, iye tó pa ọmọ, iye tó bàjẹ́. Ìwé ọmọ iléèwé lásán ti tó.

Ẹ má sì fi bàtà tí ẹ wọ̀ nílé adìyẹ wọ yàrá ẹ̀rọ.

Ẹni tó forúkọ òwò lásán sílẹ̀, tí kì í ṣe kọ́ńpìnnì, máa ń fi ìwé ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC kí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà tó kọjá, àyàfi ọdún tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì. Owó ìtanràn tí mo san ì bá ra epo sí jẹnẹrétọ̀ mi.