Bí mo ṣe ṣètò ìran ìnájà tí kò sí ìjà nínú rẹ̀

Ìjà kì í sú àwọn tó ń ṣe eré ìtàn orí tábìlì, níbi tí kálukú ti ń ṣe ẹ̀dá inú ìtàn kan tí dáìsì sì ń sọ bóyá ohun tó dáwọ́ lé yọrí, torí gbogbo wọn ló mọ ohun tó lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìran ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa ń tutù, bí kò bá sí nǹkan tó máa bàjẹ́ tí wọ́n bá sọ ọ́ tì. Nítorí náà, ohun tó lè bàjẹ́ ni mo kọ́kọ́ wá nígbà tí mò ń ṣètò ìran yìí fún ẹni mẹ́rin ní Àkúrẹ́: àgbẹ̀ kan ní abúlé lẹ́yìn Ìdànrè fẹ́ ta àpò kòkó 12, ara ọmọ rẹ̀ ò yá, ọkọ̀ tó kẹ́yìn sí Àkúrẹ́ sì fẹ́ gbéra. Owó kòkó náà ni wọ́n máa fi gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, àwọn mẹ́rin yìí ló sì máa bá a nájà.

Ìlà mẹ́ta péré ni mo kọ nípa ẹni tó wá ra kòkó. Ó fẹ́ rà á ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀rù ń bà á kí ọ̀gá rẹ̀ má lọ dá ọjà tó bu padà. Ó sì ń fi í pa mọ́ pé ìwọ̀n òun ń yọ kílò 5 kúrò lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ náà ní àṣírí tiẹ̀: àpò mẹ́ta ò tíì gbẹ. Kòkó tí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 8 nínú 100 lọ máa ń bu nínú àpò.

Ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn tó ń ṣe eré lè gbà mọ àṣírí kọ̀ọ̀kan ni mo fi sílẹ̀, torí wọ́n máa gbójú fo ọ̀kan, wọ́n á ṣi èkejì gbọ́. Ti kòkó tútù nìyí: kì í dún tí wọ́n bá fi ọwọ́ fún un pọ̀, àpò rẹ̀ wúwo jù, àgbẹ̀ ò sì fẹ́ kí wọ́n tú u.

Dáìsì olójú 20 la lò, bíi ti eré ìtàn orí tábìlì tó ń jẹ́ Dungeons & Dragons. Ẹni tó bá jù ú máa fi àfikún tiẹ̀ kún iye tó já, àròpọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ tó iye tí mo ní kó wá. Ẹni tó ní àfikún 3 tó ń wá 15 máa rí i ní ìgbà 9 nínú 20. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kan ohun tó ń ba oníbàárà lẹ́rù, mo sọ ọ́ di 10, ìyẹn ìgbà 14 nínú 20. Ẹni tí kò bá kí àgbà kó tó dá owó, 20 ni tiẹ̀.

Mo ya róbótó kan sórí pépà, mo pín in sí mẹ́rin: tó bá kún, ọkọ̀ ti lọ. Àṣeyọrí mẹ́ta ni wọ́n nílò kó tó kún. Ìjákulẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń kun ojú kan. Ohun tó ń pa irú ìran yìí jù ni kí dáìsì kùnà kí olùdarí eré sì kàn ní “kò gbà”. Mo jẹ́ kí oníbàárà gbà, àmọ́ kó bù lára owó, tàbí kó ní kí wọ́n tú gbogbo àpò.

Ẹnì kan ń nájà, ẹnì kan ń ṣọ́ ìwọ̀n, ẹnì kan wà lẹ́bàá àpò, ẹ̀kẹrin ń bẹ awakọ̀. Mo ń yí kiri láàárín wọn, kí ẹlẹ́nu dídùn má baà gba gbogbo rẹ̀ ṣe. Oníbàárà kì í sọ ju gbólóhùn méjì lọ kó tó bi wọ́n ní ìbéèrè.

Tí róbótó bá kún, ìran ò tíì parí: ọ̀kadà ló kù, owó rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, kò sì lè gbé gbogbo wọn.