Bẹ́líìtì ọkọ̀ ni mo fi rán okùn ọrùn Bíńgò

Bíńgò, ajá mi, já okùn ọrùn tí a rà lọ́jà, ó tún já èyí tí télọ̀ fi jíǹsì rán. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, jíǹsì ò ya rárá. Òwú ló jẹrà. Òwú kọ́tìnì ni, ó ń fa omi òjò mu, oòrùn sì ń sè é. Òrùka irin rẹ̀ náà ti là lẹ́nu, torí wáyà tí wọ́n kàn tẹ̀ ni, wọn ò jó ẹnu rẹ̀ pọ̀.

Bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ àlòkù ló yanjú ẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà ni mo ti rà á. Pọliẹ́sítà ni, kì í mu omi bíi kọ́tìnì, oòrùn kì í sì í tètè bà á jẹ́ bíi náílọ́ọ̀nù. Ẹ fọwọ́ ra etí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá ti ń hu irun, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Mo fi iná àbẹ́là jó ojú ibi tí mo gé kó má baà tú.

Máṣínì ilé ò lè gún ìṣẹ́po mẹ́ta, ni mo bá gbé e fún ṣúmẹ́kà. Òwú pọliẹ́sítà tó nípọn ló fi rán igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá fa ìlà méjì kọjá láàárín bíi lẹ́tà X. Ibẹ̀ gan-an lagbára wà. Etí bẹ́líìtì máa ń mú, torí náà mo fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ìka méjì lè wọ àárín okùn àti ọrùn. Tó bá jẹ́ ọmọ ajá ni, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra: ọrùn ń tóbi, bẹ́líìtì ò ní bá a tóbi.