Bí a ṣe ń yan ọ̀nà láti Kàbà dé Èkó pẹ̀lú bọ́ọ̀sì tó kún

Ẹni tó fẹ́ kó ẹbí tàbí ẹgbẹ́ láti Kàbà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí lọ sí Èkó nínú bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún, kó má kọ́kọ́ bèèrè ọ̀nà tó kúrú jù. Ibi tí ilẹ̀ máa ṣú bá mọ́tò ni kó kọ́kọ́ wá mọ̀. Lásìkò ọdún Kérésì, tó bá ti di aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ń ṣú nìyẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ gba Iyámoyè bọ́ sí Òmùò, Ìkọ̀lé, Adó-Èkìtì, Àrámọkọ, Iléṣà, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Èkejì gba Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ọ̀mù-Àrán, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Ẹ̀kẹta gba Ọbájáná jáde sí títì Lọ́kọ́jà sí Òkene, ó wá gba Auchi, Benin, Ọrẹ̀ àti Ṣàgámù. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe kìlómítà 43 láti Ọbájáná sí Kàbà, ó sì ń tan èèyàn, torí pé tírélà sìmẹ́ńtì ló ni ọ̀nà náà. Tí ọ̀kan bá dábùú títì, ọjọ́ ti lọ. Ẹni tí kò ní èrò tàbí ẹrù tó máa sọ̀ ní Òkene tàbí Benin, kí ló ń wá lọ síbẹ̀?

Ó wá ku méjì. Ẹ mú bébà, ẹ kọ ìlú sí ìlú sílẹ̀, kí ẹ sì kọ iyára tí mọ́tò lè sá ní tòótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan: kìlómítà 70 ní wákàtí kan fún ọ̀dà tó dáa, 40 fún ibi tí ìlú àti bọ́ǹpù pọ̀ sí, 25 fún ibi tó kún fún kòtò. Kìlómítà 60 lórí ọ̀dà tó dáa kò gbà ju bíi ìṣẹ́jú 51 lọ. Kìlómítà 30 péré nínú kòtò gba ìṣẹ́jú 72. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣirò. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, kí dírẹ́bà lè na ẹsẹ̀. Ẹ tún fi wákàtí kan kún un fún ibi tí ọlọ́pàá àti sójà ti ń dá mọ́tò dúró.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti wá kà á. Ìbàdàn sí Èkó tó nǹkan bíi kìlómítà 127, ṣùgbọ́n sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mówé àti Ìbàfò kò mọ kìlómítà, pàápàá ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù tí àwọn ìjọ Redeemed máa ń ṣe ìsìn òru. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ kúrò ní Ìbàdàn kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán. Tí aago kan bá lù tí ẹ ò tíì dé Iléṣà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ sọ fún èrò lójú ẹsẹ̀ pé Ìbàdàn lẹ máa sùn, kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀.

Ibodè ìpínlẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Láàárín Iyámoyè àti Òmùò, àti láàárín Ẹ̀gbẹ̀ àti Ọ̀mù-Àrán, igbó wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, àwọn ajínigbé sì ti ṣọṣẹ́ lágbègbè náà rí. Ẹ má kọjá níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ má sì kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀nà Èkìtì ní òkè àti kọ́ọ̀nà, pàápàá láti Àrámọkọ sí Iléṣà. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n di àpò iṣu àti gàrí lé lórí máa ń fì ní kọ́ọ̀nà, torí pé ẹrù wúwo ti lọ sókè. Iṣu sí ìsàlẹ̀ láàárín ìjókòó, aṣọ àti báàgì fúyẹ́ sórí. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi sí jíà kejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí mọ́tò bá ti ń sáré. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ máa gbọ́ òórùn jíjó lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, lẹ́yìn náà bíréèkì á rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ páàkì, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Omi tútù lè mú kí irin tó gbóná là. Tí bọ́ọ̀sì yín bá ti gbó tàbí tí ẹrù bá pọ̀, ọ̀nà Ìlọrin ló sàn, bó tilẹ̀ jìn díẹ̀, torí ó tẹ́jú ju ti Èkìtì lọ.

Ní ti epo, ẹ ṣírò lítà 13 fún 100 kìlómítà tí bọ́ọ̀sì bá kún. Fún 450 kìlómítà, lítà 58 tàbí 59 nìyẹn, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ kún un. Ẹ rà á ní Kàbà.

Google Maps wúlò, àmọ́ kò mọ kòtò. Ó lè fi ọ̀nà oko hàn yín nítorí pé ó kúrú. Ẹ fi Ọ̀mù-Àrán tàbí Ìkọ̀lé sí i gẹ́gẹ́ bí ibi ìdúró, kó má bàa fà yín síbòmíràn, kí ẹ sì gba máàpù náà sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé.

Lálẹ́ tó ṣáájú, ẹ lọ sí gárèèjì, ẹ bá dírẹ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ̀rọ̀. Ẹ má bi í pé, “Ṣé ọ̀nà dáa?” Á ní ó dáa ni. Ẹ ní: “Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ẹ̀gbọ́n. Aago mélòó lẹ kúrò ní Adó? Níbo lẹ ti dúró pẹ́ jù?” Ẹ bi méjì sí mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Tí wákàtí tí wọ́n sọ bá fi méjì ju ti inú bébà yín lọ, ẹ yí ọ̀nà padà.

Ẹni tó ń lọ sí Àbújá ní tirẹ̀ ní láti ṣọ́ oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá. Ní 2012 àti 2022, omi Ọya bo títì lápá Koton-Karfe, láàárín Lọ́kọ́jà àti Àbújá, ọkọ̀ sì há síbẹ̀. Tí omi bá ti gun títì, ẹ lè gba Ìlọrin, Jẹ́bà, Mọ́kwà àti Bìdá. Ó jìn gan-an, ẹ ka ọjọ́ méjì fún un.

Kí ẹni tó jókòó ti dírẹ́bà ní bébà náà lọ́wọ́, kó máa kọ aago tí ẹ dé ìlú kọ̀ọ̀kan, kó sì ní 122, nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, lórí fóònù.