Bí mo ṣe fi Arduino kọ́ pọ́ǹpù kànga wa lọ́gbọ́n

Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga rí ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé àpáta kì í jìnnà. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, kànga wa ní Ìbarà kì í pẹ́ gbẹ. A ní láti dúró kí omi tún sun jọ. Pọ́ǹpù tó bá sì ń yí láìsí omi, jíjó ló máa jó. Iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ kọ́ Arduino, bọ́ọ̀dù kékeré tí èèyàn ń kọ kóòdù sí kó lè darí ẹ̀rọ, nìyẹn, ó sì wúlò fún mi ju kí n máa wo fídíò káàkiri lọ: ohun tí pọ́ǹpù bá béèrè nìkan ni mo ń kọ́.

Arduino Uno ni mo lò. Chip ATmega328P tó wà lórí rẹ̀ ní 32 KB fún kóòdù àti 2 KB péré fún RAM. Ẹ má rẹ́rìn-ín, tánkì omi kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo so súwíìṣì tó ń léfòó méjì sínú tánkì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. INPUT_PULLUP, tó ń lo resistor inú chip fúnra rẹ̀, ni mo fi ṣètò wọn, kí n má baà máa wá resistor mìíràn kiri. Tí súwíìṣì bá pa pọ̀, LOW, ìyẹn òdo, ni píìnì (ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù tí a so ó mọ́) máa kà. Òdìkejì ohun tí èèyàn ń retí ni, ó máa ń dojú rú mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni delay(). Òun ló kún inú àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ delay(5000), kóòdù yín á dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bí tánkì ń kún àkúnya, kò ní rí i. millis() ni mo lò dípò rẹ̀. Ó ń ka mílísẹ́kọ́ǹdù láti ìgbà tí bọ́ọ̀dù ti tàn, kóòdù á sì máa ṣe bí alákàrà: ó ń dà, ó ń yí, ó ń gbowó, kò dúró ti ẹyọ kan.

if (millis() - ibere >= 2000UL)

Ìlà yìí ni mo fi ń dúró kí súwíìṣì fara balẹ̀ kí n tó gbà á gbọ́, torí omi tó ń já bọ́ máa ń mì í. unsigned long, irú nọ́ńbà ńlá tí kò ní òdì, ni kí ẹ fi ibere ṣe; òun ló ń tọ́jú ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. millis() máa ń padà sí òdo lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 49.7, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń yọ ọ́ báyìí, ìṣirò yín kò ní bàjẹ́.

Lórí ìwé ni mo ti kọ́kọ́ pín iṣẹ́ náà sí ipò mẹ́ta: ISINMI, FIFA, GBIGBE. Tí súwíìṣì ìsàlẹ̀ bá sọ pé omi ti lọ sílẹ̀, a bọ́ sí FIFA. Tí tánkì kò bá kún lásìkò tó yẹ, a jẹ́ pé kànga ti gbẹ, a bọ́ sí GBIGBE. Pọ́ǹpù á sinmi fún wákàtí kan. Ẹ má kọ 60 * 60 * 1000 fún wákàtí yẹn o, int, irú nọ́ńbà tí Uno máa fi ṣe ìṣirò yẹn, kò kọjá 32,767. 60UL * 60 * 1000 ló tọ́, UL ló ń sọ ọ́ di unsigned long.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti LED ni mo fi dán gbogbo rẹ̀ wò kí pọ́ǹpù tó dá sí i. Oníṣẹ́ iná ló so rílé àti kọ̀ńtáktọ̀, àwọn súwíìṣì tó ń tan pọ́ǹpù tó sì ń pa á. Èmi kì í fọwọ́ kan iná 230 V. Màmá onílé ti ní kí ó máa han tí kànga bá gbẹ, torí náà buzzer, ẹ̀rọ kékeré tó ń dún, ni mo ń so mọ́ píìnì 8 báyìí.